Kókó Tí Mo Ta sí Ọkọ̀ Àwẹ̀ró

Ọ̀sán ọjọ́ tí òkun ń bínú ni Bàbá Ọdẹ pè wá jọ. Ọkọ̀ kankan kò jáde lọ́jọ́ náà, nítorí náà gbogbo wa la péjọ sórí pákó iwájú ilé Orímisan, olórí àwọn ẹlẹ́ja ìlú wa. Etí-Ìgbì ni wọ́n ń pe ìlú náà, níbi tí gbogbo ilé ti dúró lórí òpó bí ẹyẹ lékeléke tó ń ṣọ́ ẹja nínú omi. Ọjọ́ kejì ni ìgbéyàwó Mosúnmọ́lá, ọmọ Orímisan. Bàbá Ọdẹ́dìran jókòó sórí àpótí, ó gbé àpò ọdẹ rẹ̀ lé itan, àpò tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí inú rẹ̀ rí. Ó wò wá yíká, ó ní:

"Ẹ fi àwọ̀n sílẹ̀. Ẹni tó ń yan ẹja, kó fa igi iná sẹ́yìn. Ẹja kì í sá kúrò lórí ààrò. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí wúwo ju ọkọ̀ tó gba omi sínú lọ.

"Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́dìran tó pa ẹfọ̀n mẹ́ta kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Èmi ni ọ̀nì rí létí odò tó yí padà, tó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Ẹkùn tó bá gbúròó mi nínú igbó, ṣe ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ koríko."

A bú sẹ́rìn-ín. Orímisan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ẹkùn náà ńkọ́? Ṣé ó ti mọ koríko jẹ?"

"Ó ti sanra jù ọ́ lọ," Bàbá Ọdẹ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, kò ní pẹ́ tán lẹ́nu yín. Ní àárọ̀ yìí, mo ń kọjá lẹ́yìn ilé ẹja yíyan, mo sì gbọ́ tí Mosún ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bí kókó Bámitálẹ́ kò bá tú lọ́la, òun yóò fi ìka tú u lábẹ́ ìró òun, kí ojú má baà ti olólùfẹ́ òun."

"Yéè! Bàbá Ọdẹ!" Mosún kígbe, ó fi ọwọ́ bo ojú. Bámitálẹ́, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó jókòó nítòsí rẹ̀, ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń kà wọ́n.

"Má sunkún, ọmọ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bámitálẹ́, aránṣọ ni ọ́, ìlú òkè lo sì ti wá. Ó ṣeé ṣe kó o rò pé eré ni àṣà wa. Ní Etí-Ìgbì, ọkùnrin kì í mú ìyàwó lọ àfi tó bá kọ́kọ́ fi kókó àfàtú so ọkọ̀ ìyàwó mọ́ òpó ilé. Ìgbì kò lè tú kókó yẹn, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá fi ọwọ́ kan fa etí okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, yóò tú. Bí kò bá tú, kí ọkọ padà sílé lọ kọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ìjì ńlá bá ń bọ̀ láti ojú òkun, àwa kì í dúró nínú ilé. Inú ọkọ̀ la ń sá sí. A ó fa okùn, ìjì fúnra rẹ̀ yóò sì gbá wa lọ sínú igbó ẹ̀gbà, àwọn igi tó ń fi gbòǹgbò dúró nínú omi, tí ìgbì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lára wọn. Ẹni tí okùn rẹ̀ bá tú ló yè.

"Ìlú òkè ni wọ́n bí èmi náà sí, níbi tí omi kì í ti í pọ̀ ju ti inú àmù lọ. Ọ̀nì ni mo lépa dé ìlú yìí. Ọ̀nì wọ inú omi, mo gbójú sókè, mo rí Àwẹ̀ró. Áà! Ó dúró sínú ọkọ̀ tóóró kan láìdi nǹkan kan mú, ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ, bí ẹni pé ẹní ni wọ́n tẹ́ sórí omi fún un. Ojú rẹ̀ mọ́ bí omi òwúrọ̀ tí ọkọ̀ kankan kò tíì kọjá lórí rẹ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi. Ìbọn tí kò bọ́ níwájú ẹfọ̀n! Ó fò sódò, ó gbé e jáde, ó ní, 'Ọdẹ, ṣé òùngbẹ ló ń gbẹ ìbọn yín?' Láti ọjọ́ náà, bí n kò bá tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì mọ́ fún mi.

"Ọjọ́ ìgbéyàwó wa pé. Mo ta kókó tí bàbá mi kọ́ mi, kókó ìdẹkùn: bí ẹran bá ṣe ń fà á ni yóò máa le sí i. Àwẹ̀ró fà á. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó sún mọ́ òpó, ó fi ìró bo ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, okùn sì tú. Gbogbo ìlú hó yèè. Ìgbà tí a wọ yàrá ló tó fi ìka tó bó hàn mí. Ó ní, 'Olówó orí mi, mo tan àwọn ènìyàn mi nítorí yín. Lọ́la, ẹ ó kọ́ kókó náà.' Mo ní, 'Àwẹ̀ró, kókó tó mú ẹfọ̀n dúró lo fẹ́ kí n gbàgbé?' Ọ̀la di ọ̀la, ọ̀la di ọdún. Ọdún mẹ́rin gbáko, bí mo bá ta kókó ọdẹ sí ọkọ̀ wa, Àwẹ̀ró á dìde lẹ́yìn mi, á lọ tún un ta, kò sì ní sọ nǹkan kan. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Ìfẹ́ náà ni. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

"Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí òkun ń kérora. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti jọ dá ọjọ́ ìgbẹ́ dídẹ, inú ọkọ̀ tirẹ̀ la ó sì bá lọ. Ibà ń ṣe Àwẹ̀ró, ó dùbúlẹ̀. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, tí n kò fẹ́ kí ìgbì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, mo ta kókó mi sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Kò lè dìde lọ tún un ta lọ́jọ́ náà.

"Ìjì dé lọ́sàn-án. Ẹ̀yin àgbà rántí. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, òkun dìde dúró bí ènìyàn, ó sì rìn wọ ìlú. Inú igbó ni mo wà, mo dì mọ́ igi, mò ń pe orúkọ rẹ̀ títí ọ̀fun mi fi pin.

"Nígbà tí mo padà dé, n kò mọ ìlú mọ́. Ilé tó lé ní ogójì, òpó wọn nìkan ló kù. Àwọ̀n tí àwọn ọkùnrin ti fi ọdún mẹ́ta hun fà ya sórí igi bí ewé gbígbẹ. Ààrò àwọn obìnrin wó sómi, omi iyọ̀ wọ kànga, ọmọdé ń sunkún òùngbẹ lórí omi. Ẹja náà ṣí kúrò. Oṣù mẹ́jọ ni àwọ̀n ń wọlé tí ń jáde lófìfo. Ọkùnrin tó ní ọkọ̀ mẹ́ta lọ di alááru ní ìlú òkè. Mo rí ìyá arúgbó kan tó mú ìgbálẹ̀ lọ síbi tí ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó ń gbálẹ̀. Omi ló ń gbá.

"Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn yè. Ọkọ̀ méjìdínlógójì la bá nínú igbó ẹ̀gbà, àwọn tó ni wọ́n jókòó sínú wọn, wọ́n ń gbọ̀n. Ti Àwẹ̀ró kò sí níbẹ̀. Mo wá òpó ilé wa lọ. Okùn wà lára rẹ̀, ó le bí irin, ó lọ tààrà sísàlẹ̀ omi. Mo wọ inú omi. Ọkọ̀ wà nísàlẹ̀. Àwẹ̀ró kò sí nínú rẹ̀. Mo yọ ọ̀bẹ, mo gé okùn náà, mo fi í sínú àpò yìí. Mo jáde, mo sì sọ fún ìlú pé ìjì ló gba aya mi."

Àbúrò Àwẹ̀ró ni Orímisan. A ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, okùn wo?"

"Dákẹ́ ná, Orímisan. Bí mo bá dúró níbí, n kò ní lè parí rẹ̀ mọ́.

"Mo búra níwájú ìlú pé màá lọ bá Ìjì nílé rẹ̀, kó dá aya mi padà. Ẹ má bi mí ní ọ̀nà. Ọ̀nà tí ìbànújẹ́ ń gbé ènìyàn gbà kì í ní àmì. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé ni Ẹlẹ́sẹ̀-Gbòǹgbò, iwin inú igbó ẹ̀gbà. Ẹsẹ̀ méjìlá ló ní, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní àtàrí, akàn kékeré kan sì ń gbé inú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, 'Ọmọ ènìyàn, kí lò ń wá?' Mo ní, 'Aya mi.' Ó ní, 'Ta ló mú un?' Mo ní, 'Ìjì ni.' Akàn inú irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Iwin ní, 'Má bínú. Akàn mi kì í rẹ́rìn-ín àfi tí ẹnìkan bá parọ́.'

"Inú bí mi! Mo fò mọ́ ọn. Ó fi ẹsẹ̀ kẹta gbá mi, mo dìde. Ó fi ẹsẹ̀ keje gbá mi, mo tún dìde. Ó fi ẹsẹ̀ kẹsàn-án gbé mi sókè, mo sì ń fi orí kàn án ní imú bó ṣe ń gbé mi lọ. Ojú tó ti rí òkun kì í bẹ̀rù ọ̀sà. Mo yọ okùn ọdẹ mi, mo sáré yí i ká lẹ́ẹ̀méje, mo sì di ẹsẹ̀ méjèèjìlá pọ̀ lójú kan. Bó ṣe ń jà ni kókó ń le. Ó ṣubú bí igi ìrókò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ló tún tó bẹ́ẹ̀?"

Ojú pákó ni gbogbo wa ń wò. Bàbá Ọdẹ mi orí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà kò yọ̀ pẹ́. Iwin ní, 'Ọdẹ, o ṣẹ́gun. Tú mi, màá fi ọ̀nà hàn ọ́.' Mo fi ìka tú u, kò tú. Mo fi eyín fà á, kò tú. Kí n tó fi ọ̀bẹ rí i gé, okùn ti wọ ẹran ara rẹ̀, ẹsẹ̀ kan sì ti kú. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, 'Ohun tí o mọ̀ ọ́n dè tí o kò mọ̀ ọ́n tú, ṣé agbára lò ń pè é?' Ó nawọ́ sí ọ̀nà, ó sì ń tiro lọ lórí ẹsẹ̀ mọ́kànlá. Akàn rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mo dé Ìlú Agbélẹ̀kùn. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, oníkálukú gbé ilẹ̀kùn lórí. Mo kí ọkùnrin kan, ó fojú burúkú wò mí. Ó ní, 'Ṣé wọn kò kọ́ ọ nílé ni? Kan ilẹ̀kùn kí o tó bá mi sọ̀rọ̀.' Mo na ọwọ́ sókè, mo kan ilẹ̀kùn orí rẹ̀: kó, kó, kó. Ó ní, 'Ta nìyẹn?' Mo ní, 'Ọdẹ́dìran ni.' Ó ní, 'Kò sí ẹnikẹ́ni nílé.' Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó bú sẹ́kún.

"Ẹlẹ́ja ni gbogbo wọn, láti etíkun oríṣiríṣi. Ìjì ti gbá ilé wọn lọ, ilẹ̀kùn nìkan ló kù fún wọn. Wọn kò jẹ́ gbé e kalẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ti gbà nìyẹn pé òun kò nílé mọ́. Bí wọ́n ṣe ń sùn ní ìdúró nìyẹn o. Obìnrin kan bu omi ọbẹ̀ ìṣáwùrú fún mi, ó ní, 'Bí ẹ bá rí Ìjì, ẹ bá mi bi í bóyá ó rí àtẹ tí ìyá mi fi ń yan ẹja. Àtẹ kékeré ni. Etí rẹ̀ kan ti jóná.' Mo ṣèlérí fún un.

"Mo dé ilé Ìjì. Mo ti ki ìbọn, mo ti gbé ojú sókè, mo rò pé òmìrán ni màá bá. Ìyá arúgbó kan ni mo bá tó jókòó sí àárín àgbàlá tí kò lópin. Òrùlé lókè òrùlé, àwọ̀n, ìwé ọmọ iléèwé, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ìkòkò, ọkọ̀. Ó ń fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Afọ́jú ni.

"Mo kígbe, 'Ìwọ obìnrin burúkú, dá aya mi padà!'

"Ó ní, 'Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó sórí òrùlé tó bá wù yín.'

"Mo ní n kò jókòó. Ó mí kanlẹ̀, gbogbo òrùlé sì gbọ̀n. Ó ní, 'N kò ríran, ọmọ mi. Nígbà tí òkun bá gbóná, a máa tì mí, mo sì máa ń lọ. N kò mọ̀ pé ilé wà níbì kan àfi tó bá wó mọ́ mi lára. Tí mo bá dé ilé ni mo máa ń fọwọ́ pa ohun tí mo gbé. Á, bàtà ọmọdé rèé. Á, àwo ìyàwó ẹnìkan rèé.' Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò ríran. Ó ní, 'Gbogbo ohun tí mo gbé wà níbí. Wá aya rẹ. Bí o bá rí i, máa mú un lọ.'

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Mo rí àtẹ tí etí rẹ̀ jóná. Mo rí gèlè Àwẹ̀ró, òórùn èéfín ẹja ṣì wà lára rẹ̀. Mo fi bo ojú, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ kò sí. Mo padà sọ́dọ̀ Ìjì, mo ní ó fi Àwẹ̀ró pamọ́ ni.

"Ó ní, 'Ní ìlú yín, ọkọ̀ méjìdínlógójì ni mo tì sínú igbó. Mo dé ara èyí tó ṣe ìkọkàndínlógójì. Ẹnìkan wà nínú rẹ̀, mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo fà á, mo tún fà á. Bí mo ṣe ń fà á ni nǹkan tó dì í mú ń le sí i, títí omi fi bò ó. Ìwọ tó jẹ́ ọdẹ, bá mi sọ ọ́: ta ní í fi kókó ìdẹkùn so ọkọ̀ ènìyàn?'

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu mi tó ń bú ramúramù wọlé lọ. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fi okùn náà lé e lọ́wọ́. Ó fọwọ́ pa kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní, 'Èmi ni.' Afọ́jú ni mo lè sọ ọ́ fún, nítorí kò lè wo ojú mi.

"Kò bínú. Ó ní, 'Ara rẹ̀ wà lọ́dọ̀ omi. N kò láṣẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn, èmi ni mo máa ń gbé e.' Ó mú ìkarahun kan fún mi. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò sọ̀rọ̀. Mo gbé e sétí."

Bàbá Ọdẹ gbé ọwọ́ lé etí. Ìgbì ń lu òpó ilé lábẹ́ wa.

"Mo gbọ́ tí okùn ń dún. Mo gbọ́ tí Àwẹ̀ró ń mí. Lẹ́yìn náà ó ní, 'Olówó orí mi, kókó yín kò tú o. Ìka mi ti bó tán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo so ó.' Omi dún. Ó tún ní, 'Ọdẹ mi, ṣé ẹ ti jẹun?' Ó tán.

"Mo fi àtẹ lé obìnrin Agbélẹ̀kùn yẹn lọ́wọ́. Ó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé àtẹ lé e, ó sì wá igi iná lọ. Òun nìkan ni ìrìn-àjò mi ṣe láǹfààní. Èmi padà sílé, ọdún mọ́kànlélógún sì rèé tí mò ń jẹ́ kí ìjì bá mi jẹ ẹ̀bi. Àwẹ̀ró tún fi ìró bò mí lẹ́ẹ̀kejì, mo sì jókòó sábẹ́ ìró náà. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òní ni ó bá a."

Ó ṣí àpò, ó sì gbé okùn náà sórí pákó. Ó ti dúdú. Kókó mẹ́ta wà lára rẹ̀, wọ́n le bí òkúta.

Orímisan lóṣòó, ó fọwọ́ kàn án. Ó dìde, ó wọlé. Àwọn kan nínú wa rò pé àdá ló fẹ́ lọ mú. Ìgbà tó jáde, okùn tuntun ló mú lọ́wọ́. Ó jù ú sí ẹsẹ̀ Bámitálẹ́, ó ní, "Ta á."

Bámitálẹ́ ta á mọ́ òpó. Mosún fà á. Kò tú. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ń lọ síbi ìró, a rí i. Ó wo okùn dúdú tó wà nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà sẹ́yìn.

"Kò tú," ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ìlú gbọ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ tún un ta, olólùfẹ́ mi. Bí ìgbéyàwó ò bá wáyé lọ́la, yóò wáyé lọ́túnla."

Bámitálẹ́ tún un ta. Kò tú. Ìyá kan tó ń ṣa edé ní, "Aránṣọ, kì í ṣe bọ́tìnnì lò ń rán o!" Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín púpọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹjọ, nígbà tí oòrùn ti ń fẹsẹ̀ kan omi, Mosún fà á, okùn sì tú. A kò hó. Bámitálẹ́ jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Orímisan gbé okùn kan náà, ó fi lé Bàbá Ọdẹ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó kan yín."

Bàbá Ọdẹ ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ́ ọ, Orímisan. Àràárọ̀ ni mò ń ta á. Ẹni tí yóò bá mi fà á ni kò sí."

Ó dìde, ó ta kókó náà mọ́ òpó. Orímisan di etí okùn mú, ó sì ń wo àgbàlagbà náà títí a fi rò pé kò ní fà á mọ́. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan fà á.

Okùn náà tú, ó sì ṣubú sórí pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò tú.